Wáìnì Tó Kan ní Rumuokwuta

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ sìn mí dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ẹ ti rí i pé èmi nìkan ni mo padà. Ẹ ti fi ojú bi mí, ẹ kò fi ẹnu bi mí, nítorí ẹ̀kọ́ ilé wà lára yín. Èmi náà kò rí ẹnu tí n ó fi sọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Fọlárìn ni mo lọ mú wálé láti Port Harcourt. Àwa mẹ́rin la jọ kúrò nílùú yìí lọ sí yunifásítì, láyé ìgbà tí wọ́n ń pa adìyẹ fún wa lọ́jọ́ Sunday. Àwọn méjì ti sùn. Ó ku èmi àti òun. Ẹ mọ ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Òun ló kọ́ ọ. Láti ìgbà tí àwọn sójà ti gbé ìjọba sílẹ̀ ló ti ń sọ lórí fóònù pé òun ń bọ̀ wá gbé inú rẹ̀. Ìyàwó mi ti lọ, àwọn ọmọ mi wà lókè òkun, èmi sì ti di ẹni tí ń bá rédíò jiyàn. Mo fẹ́ kí iná tàn nínú ilé yẹn kí n tó kú. Ohun tí mo bá lọ nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan sí i, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Fọlárìn nìkan ló kù láyé tó ń pè mí ní Dígí. Ní yunifásítì, ojú mi kò mọ irọ́ í pa. Bí ọbẹ̀ ilé oúnjẹ wa bá ti ń kan, ojú mi á ti sọ ọ́ kí ẹnu mi tó gbé e mì. Fọlárìn kì í fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wo ojú mi. Bó bá rí i pé mo ṣojú wíńkíwíńkí, á ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, "Dígí ti sọ̀rọ̀."

*Choba*

N kò ní fi ọ̀nà dá yín lágara. Ọ̀nà Nàìjíríà ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí a kọjá odò tó wà ní Choba ni mo tó mọ̀ pé mo ti dé ilẹ̀ àjèjì. Yunifásítì wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kún ojú títì bí eéṣú, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn àti ẹ̀rín lẹ́nu. Mo wò wọ́n títí ojú fi ń ro mí. Báyìí làwa náà ṣe rìn rí, bí ẹni pé ìlú náà ń dúró dè wá ni.

Ọkọ̀ dúró, gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ lọ ra bọ̀ọ̀lì. Bólè ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọn kì í sì í fi ẹ̀pà jẹ ẹ́ bíi tiwa. Ẹja yíyan ni wọ́n ń fi sí i, pẹ̀lú ata tí wọ́n fi epo pupa àti ẹfinrin lọ̀, tó ń ṣàn bí ọbẹ̀. Mo ní kí obìnrin tó ń yan án fún mi ní ti èmi láìsí ata púpọ̀. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, ó ti mọ ibi tí mo ti wá.

"Papa Ngbati," ló wí, "no be una dey chop pepper pass everybody?"

Mo ní ata ilé ni mo mọ̀, n kò tíì mọ ata rẹ̀. Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́kùnrin kan sì dìde kúrò lórí àga onírọ́bà rẹ̀ kí n lè jókòó. Ẹ má rò pé èébú ni Ngbati yẹn. Wọ́n ń fi "nígbà tí" tó máa ń wà lẹ́nu wa ṣeré ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, wọ́n pè é lọ́sàn-án, ó di alẹ́ wọ́n tún pè é, á mọ̀ pé àlejò lòun, bó ti wù kí àga tí wọ́n fún un rọ̀ tó.

Nígbà tí mo dé ẹnu géètì Fọlárìn ní Rumuokwuta, ó ti ń dúró síta. Ó ti rù. Ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nínú ẹ̀wù. Ó dì mọ́ mi, ó yọ áńkáṣíìfù funfun, ó fi nu iwájú orí mi, ó sì nà án sí mi. Ó dú bí ẹni fi nu ìdí ìkòkò. Èéfín dúdú ló ń já bọ́ lójú ọ̀run ìlú yẹn, lórí aṣọ tí wọ́n sá, lórí ewé, nínú imú.

"Port Harcourt ti kí ọ káàbọ̀, Dígí," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀, Ibiso, ọmọ Okrika, kúnlẹ̀ kí mi bí ọmọ Ìjẹ̀bú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni lọ, ó fi Pidgin parí ìyókù. Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ náà bóyá yóò bá ọkọ rẹ̀ wálé. Ó ní ibi tí ọkùnrin náà bá gbé orí sí, ibẹ̀ lòun yóò gbé tòun sí. Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

*Mile One*

Àwọn ènìyàn àdúgbò kò mọ Fọlárìn ní Fọlárìn. Prof ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di ọ̀jọ̀gbọ́n rí. Wáìnì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni ó ti ń gbé tábìlì kan síta ní ìrọ̀lẹ́ Saturday. Ẹni tó bá fẹ́ á mú ìgò kan wá, ìgò tí apá tálákà ká, òun á pèsè oúnjẹ, á sì máa kọ́ wọn ní èyí tó bá èyí mu. Ó ní àwọn olówó ló pa irọ́ fún ayé pé wáìnì kì í ṣe ti ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà. Tébù ni wọ́n ń pe ìjókòó náà.

Ó mú mi lọ sí Mile One ká lọ ra ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọjà náà fún ènìyàn mọ́ra, kẹ̀kẹ́ ń gbá ènìyàn ní ìgbáròkó, wọ́n sì ń bẹ̀ ọ́ bí wọ́n ti ń gbá ọ. Mo sọ fún ọlọ́jà kan pé wáìnì ni mo ń wò. Ó wo irun funfun mi, ó bi mí bóyá ti ṣọ́ọ̀ṣì ni tàbí èyí tó ń fún ọkùnrin lágbára. Kí n tó dáhùn, ó ti gbé omi èso dídùn kan tí kò ní ọtí nínú lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ni àwọn pásítọ̀ ń rà. Fọlárìn rẹ́rìn-ín débi pé ó di òpó ṣọ́ọ̀bù mú.

Ó ṣàlàyé fún mi bí a ti ń rìn. Ó ní kí n má gbé wáìnì pupa líle sún mọ́ ata, torí pé ńṣe ni yóò ru ata sókè bí ẹni da epo síná. Ó ní funfun tó dùn díẹ̀, tó tutù, ni ti bólè. Ó ní èyí tó kan ni ti ẹja ọlọ́ràá. Ọlọ́jà tú díẹ̀ sínú ife onírọ́bà láti inú wáìnì páálí. Fọlárìn gbà á, kò mu ún, ó nà án sí mi.

"Tọ́ ọ wò, Dígí."

Mo tọ́ ọ wò. Ó wo ojú mi. Ó yíjú sí ọlọ́jà, ó ní dídùn rẹ̀ ti pọ̀ jù, kó gbé òmíràn wá. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn. A ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Inú mi dùn ju bí mo ti lè sọ lọ. Mo rò pé eré ayé àtijọ́ ló ń bá mi ṣe, pé ọjọ́ orí kò tíì rí wa mú. Ẹ wo bí ayọ̀ ṣe máa ń fọ́ ènìyàn lójú.

*Tébù*

Ní ọjọ́ Saturday, Ibiso lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀ ní Okrika, yóò sì sùn níbẹ̀. Ó ti se ọbẹ̀ ìṣáwùrú kalẹ̀, tí ìkarahun rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tí wọ́n ń fa mu pẹ̀lú ariwo láìtijú. Àwa mẹ́rin la jókòó: èmi, Fọlárìn, Ọ̀gbẹ́ni Chinda tí í ṣe aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Ikwerre, àti Bùkọ́lá, ọmọbìnrin Ìwó kan, àgùnbánirọ̀ tí ń sin ìlú, tó ń kọ́ni nílé ìwé kan nítòsí.

Fọlárìn ti di àpótí rẹ̀. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, okùn ti wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í bóyá a ó jọ lọ, ó ní, "Jẹ́ ká mu ìgò kan tán ná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni n óò fún ọ lésì."

A fi wáìnì funfun tútù jẹ bólè. Òótọ́ lọ̀rẹ́ mi sọ. Ata náà gbé orí sókè, dídùn wáìnì náà sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí padà, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ. Chinda ní òun ti fi ẹnu òun jẹ bólè láti kékeré, òun kò mọ̀ pé ó ní ọkọ níbì kan. Lẹ́yìn náà ni Fọlárìn ní kí n gbé gàrí tí mo mú láti ilé jáde. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi ẹja díndín sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní àṣìṣe tí ọmọ Yorùbá máa ń ṣe nìyí: bí ẹmu bá kan, a ó ní ó ti bàjẹ́, nítorí náà bí wáìnì bá kan, a ó dà á nù. Bẹ́ẹ̀ gàrí Ìjẹ̀bú kan, ìdí gan-an tí a fi ń rà á nìyẹn. Kíkan rẹ̀ ló ń gé ọ̀rá ẹja kúrò lẹ́nu. Bùkọ́lá ń mi orí, ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìmọye ìgbà, ó ti yí òun lọ́kàn padà.

Ìgbà náà ló wọlé lọ gbé ìgò náà.

Wáìnì pupa ni, olówó pọ́ọ́kú, tó ti rà ní Mile One lọ́dún tó fẹ̀yìn tì. Ó ti gbé e dúró sínú wọ́dúróòbù láàárín àwọn agbádá rẹ̀, nínú ooru Port Harcourt, ní ìlú tí iná kì í dúró. "Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án," ó wí, "àfi bí Dígí bá dé." Kóòkì rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà àná. Ó fi ṣíbí kó o kúrò, ó tú ọtí náà.

Wọ́n ṣì ń pa àṣà kan mọ́ níbẹ̀ ju bí a ti ń pa á mọ́ nílé lọ: ẹni tó gbé ọtí kalẹ̀ ni í kọ́kọ́ mu, kí àlejò lè mọ̀ pé ikú kò sí nínú rẹ̀. Fọlárìn mu tirẹ̀. Ó mu ún dáadáa, kì í ṣe ìfẹnukàn. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó gbé ife kalẹ̀, ó sì wò mí.

Mo gbé tèmi. Kó tó kan ètè mi ni òórùn rẹ̀ ti gún mi nímú. Fínígà ni. Ó ti kọjá kíkan, ó ti kú. Bó ṣe kàn mí láhọ́n, mo mọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rántí ife mẹ́ta tó nà sí mi ní Mile One. Mo rántí pé iyọ̀ pọ̀ jù nínú ẹyin tí a jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé Fọlárìn sì jẹ tirẹ̀ tán láìráhùn. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ adùn mọ́. Ó ń wo ojú mi, kì í ṣe fún eré.

Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Ìgò tí ènìyàn fi pa mọ́ fún mi láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ní ìta ilé rẹ̀. Lójú ẹni tó ń pè é ní Prof. Mo gbé ojú mi dúró gbọnyin, bí ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò.

"Ó dára, Fọlárìn," mo wí. "Ó dára gan-an."

Bùkọ́lá mu tirẹ̀. Omijé lé ní ojú ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ó kan dáadáa, sà. Bíi gàrí Ìjẹ̀bú." Chinda gbé tirẹ̀ mì, ó ní, "Prof, dis one get power."

Fọlárìn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Ó yá, Dígí," ló wí. "Lọ́la a ó máa lọ sílé."

*Òwúrọ̀*

Fọlárìn ti pe Ibiso lórí fóònù lálẹ́ pé a ń lọ; kí oòrùn tó mú, ó ti dé. Ó ní òun fẹ́ se ìrẹsì tí a ó jẹ lọ́nà, òun yóò dúró palẹ̀ ilé mọ́, òun á sì wá bá wa. Ó rí ìgò náà lórí tábìlì, ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e sí imú. Èmi àti Fọlárìn wà níbẹ̀, a ń mu tíì. Mo fẹ́ ṣẹ́jú sí i. Ó ti pẹ́ jù.

"Ah-ah," ló wí. "Dis wine don spoil since. Na so una drink am?"

Kò fi ẹ̀gàn sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ìyàwó ti í sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bọ́tìnnì rẹ̀ ti já. Ó da ìyókù sínú kòtò omi, ó wọ kíṣìnnì lọ.

Fọlárìn kò wò ó. Èmi ló ń wò.

Ó sọ fún mi nígbà náà. Lọ́dún tí gbogbo ayé ń fi aṣọ bo imú ni àìsàn náà mú un. Ó yè é. Ṣùgbọ́n òórùn àti adùn jáde lọ, wọn kò padà. Ibiso nìkan ló mọ̀. Láti ìgbà náà, ojú àwọn tó yí i ká ni ó fi ń tọ́ ọtí wò. Ó ní àwọn ará Tébù ti mọ ohun tí òun fẹ́ gbọ́, ojú wọn kò wúlò mọ́. Ojú kan ṣoṣo ló gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí mo ní mò ń bọ̀, ó di àpótí rẹ̀.

"Ojú rẹ ni mo fẹ́ fi jẹ oúnjẹ tó kù fún mi láyé," ló wí.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní nítorí ọ̀wọ̀ ni, nítorí àwọn èèyàn tó jókòó, nítorí pé àlejò kì í tutọ́ ọtí onílé. Mo ní bó bá wálé, n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé.

"Mo mọ̀ pé nítorí ọ̀wọ̀ ni," ló wí. "Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí. Nílé, bàbá àgbà ni n ó jẹ́. Gbogbo yín ni ẹ ó máa bọ̀wọ̀ fún mi, tí ẹ ó máa sọ pé ó dùn, ó dùn, títí tí n ó fi jẹ májèlé. Ibiso pàápàá á di ìyàwó ilé láàárín yín, á kọ́ ọ̀wọ̀ yẹn. Níbí, ó ṣì ń sọ fún mi pé ó ti bàjẹ́."

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó dìde, ó lọ tú okùn àpótí rẹ̀, ó sì ń gbé àwọn agbádá náà kọ́ padà sínú wọ́dúróòbù lọ́kọ̀ọ̀kan, síbi tí ìgò náà ti dúró tẹ́lẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba iṣẹ́ tí wọn kò fún un.

Ó sìn mí dé géètì. Ibiso di ìrẹsì fún mi, ó sì fi ìgò wáìnì funfun kékeré kan tì í, èyí tó kan bó ti yẹ, tí kò bàjẹ́. Fọlárìn di ọwọ́ mi mú pẹ́.

"Ó dàbọ̀, Adébáyọ̀," ló wí.

Láti ìgbà tí a ti jọ ń jẹun nílé oúnjẹ yunifásítì, kò tíì pe orúkọ yẹn lẹ́nu fún mi rí.

*Ilé*

Mo ti padà sáàárín yín. Ẹ ń kí mi, ẹ ń gbé oúnjẹ wá, ẹ ṣeun. Mo ń sọ fún gbogbo yín pé ó dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò yín bí ẹ ti ń gbà mí gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo rẹ gàrí. Mo dín ẹja. Mo ṣí ìgò kékeré tí Ibiso fún mi, mo sì gbé àga mi síta, kí n kọjú sí ilé aláwọ̀ ewé náà. Fèrèsé rẹ̀ wà ní títì bó ti máa ń wà. Òótọ́ ni Fọlárìn sọ: kíkan náà gé ọ̀rá ẹja bí ọ̀bẹ, ó sì fi ẹnu sílẹ̀ ní mímọ́. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n sọ fún ẹnì kan.

Nígbà tó yá, mo wọlé lọ mú dígí tí mo fi ń fá irùngbọ̀n, mo gbé e ti ìgò náà. Mo tún mu díẹ̀, mo sì wo inú rẹ̀. Ojú arúgbó kan ló wà níbẹ̀, tó dúró gbọnyin, tó ní ó dùn.

N kò gbà á gbọ́.